The Specials: Kí ló mú kí ẹgbẹ́ akọrin tó túká ní 1981 tún gbé àwo orin tuntun jáde ní 2019?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2019, ẹgbẹ́ akọrin The Specials láti ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwo orin tuntun kan jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Encore. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwo náà fi wà ní ipò kìíní lórí àtẹ àwo orin tó tà jù lọ nílẹ̀ náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwo orin wọn kankan yóò dé ipò náà. Nígbà tí òkìkí wọn ń kàn káàkiri Ìlú Ọba ní 1979 àti 1980, ipò kẹrin àti ìkarùn-ún ni àwo wọn méjèèjì dé mọ. Ìgbà tí orí wọn ti hu ewú ni wọ́n tó gun òkè àtẹ.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà jọni lójú ni pé láti 1981 ni Terry Hall, ẹni tí ohùn rẹ̀ ni ayé fi mọ ẹgbẹ́ náà, kò ti gba orin tuntun kankan sílẹ̀ pẹ̀lú wọn mọ́. Nǹkan bí ọdún 38 ló wà láàárín.

Ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin àtijọ́ ń kóra jọ láti tún àwọn orin tó sọ wọ́n di olókìkí kọ, kí àwọn olólùfẹ́ wọn lè rántí ìgbà èwe. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí wọ́n padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu. Kí ni The Specials rí sọ lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ló kù nínú àwọn méje tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Irú orin wo ni ska?

Ẹni tó bá mọ reggae ti mọ díẹ̀ nínú ska láì fura, nítorí ska ni ẹ̀gbọ́n, reggae ni àbúrò. Jàmáíkà ni a ti bí àwọn méjèèjì.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn olórin ìlú Kingston bẹ̀rẹ̀ sí í po mento, tí í ṣe orin ìbílẹ̀ wọn, mọ́ jazz àti rhythm and blues tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Jàmáíkà fi máa gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, ska ni orin tí ìgboro ń jó.

Ibi tí gìtá ń bọ́ sí ló mú ska yàtọ̀. Bí ènìyàn bá ń jó, tó sì ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, gìtá kì í dún nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Àárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì ló máa ń já sí, ní ṣókí àti kíákíá, bí ẹni tó ń ta olóògbé jí. Àwọn afọnfèrè a sì máa gbé orin náà lókè. Nígbà tó yá, àwọn ará Jàmáíkà dẹ eré ìlù náà, ó di rocksteady. Ní nǹkan bí 1968, ó tún rọra sí i, ó di reggae.

Àwọn ará Jàmáíkà tó ṣí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé orin náà wá. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush, tó gúnlẹ̀ sí Tilbury lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà 1948, ni wọ́n fi ń pe ìran wọn títí dòní. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò òṣìṣẹ́. Àwọn aṣíwá yìí wa bọ́ọ̀sì, wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Bí iṣẹ́ bá tán, ọ̀pọ̀ wọn ni onílé kò ní gbà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé nítorí àwọ̀ ara wọn.

Coventry, ìlú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀

Coventry wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ fa òṣìṣẹ́ wá láti Jàmáíkà, Íńdíà àti Áílándì. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1970, ọjà ọkọ̀ kò tà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn baba, àwọn ọmọ kò sì rí èyí tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀ ni Jerry Dammers, ọmọ àlùfáà kan tó ń tẹ dùùrù, ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1977. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, méje ni wọ́n: Dammers fúnra rẹ̀, Terry Hall, Neville Staple, Lynval Golding, Horace Panter, Roddy Byers àti onílù wọn, John Bradbury. Òyìnbó ni márùn-ún nínú wọn. Golding àti Staple jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Jàmáíkà ni wọ́n sì ti bí wọn. Rico Rodriguez náà máa ń bá wọn fọn fèrè trombone. Kúbà ni wọ́n bí i sí, Jàmáíkà ló dàgbà sí, ó sì ti ń fọn fèrè lórí orin ska láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Dammers po ska mọ́ punk, orin ìbínú tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń gbọ́ nígbà náà. Ní 1979, ó dá ilé iṣẹ́ orin sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní 2 Tone, èyí tó ń tọ́ka sí àwọ̀ méjì. Àpótí dúdú àti funfun tó tò bíi ti pátákó ayò draughts ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni: dúdú àti funfun lórí ìtàgé kan ṣoṣo.

Abẹ́ 2 Tone ni ẹgbẹ́ Madness ti gbé orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Abẹ́ rẹ̀ náà ni The Selecter wà, ẹgbẹ́ Coventry mìíràn tí Pauline Black jẹ́ akọrin wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá tó bí Pauline, Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ìdílé òyìnbó ló sì gbà á tọ́. Ó sọ ìtàn bí òun ṣe wá orísun òun nínú ìwé kan tó kọ ní 2011. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ bíi tirẹ̀ kò rí ẹni tó jọ wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ló dúró síwájú ẹgbẹ́ ọkùnrin, tó dé fìlà, tó wọ kóòtù, tó ń kọrin.

Ọ̀nà kò tẹ́jú fún wọn o. Ẹgbẹ́ òṣèlú National Front, tó ń fẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nílẹ̀ náà, ní àwọn ọmọlẹ́yìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ska gan-an. Àwọn kan á wá síbi eré, wọn á jó sí orin tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ará Jàmáíkà, wọn á tún máa bú ará Jàmáíkà. Ìgbà mìíràn wà tí The Specials máa ń dá orin dúró títí tí ìjà fi máa parí.

Orin tó gbé wọn ga jù ló tú wọn ká

Ní 1980, àwọn kan lu Golding ní àlùbolẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà kọ orin kan tó pè ní Why?, ìbéèrè tó ń bi àwọn tó lù ú. Ní oṣù kẹfà 1981, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọ̀dọ́kùnrin ará Éṣíà kan ní Coventry, ẹgbẹ́ náà ṣeré ìta gbangba nílùú wọn láti tako ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbé Ghost Town jáde. Orúkọ orin náà túmọ̀ sí ìlú tó ti dahoro, ohun tí ojú wọn rí bí wọ́n ṣe ń rìn láti ìlú dé ìlú ló sì dá lé: ilé ijó tó ti pa, ṣọ́ọ̀bù tó ti tì, ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ tó ń fi ìkanra mọ́ ara wọn. Iye àwọn tí kò ríṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ti lé ní mílíọ̀nù 2. Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbaná ní oṣù kẹrin. Nígbà tí Ghost Town dé ipò kìíní ní oṣù keje, rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Liverpool, Birmingham àti àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orin náà fi wà níbẹ̀. Ṣàṣà ni orin tó bọ́ sí àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹgbẹ́ náà fọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ kọ Ghost Town lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Top of the Pops, Hall, Staple àti Golding sọ fún àwọn yòókù pé àwọn ń lọ. Ìrìnàjò tí kò dáwọ́ dúró ti sú wọn, àríyànjiyàn sì ti pọ̀ jù nípa bí Dammers ṣe fẹ́ kí orin máa dún.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ti The Specials kò tilẹ̀ tó ọdún márùn-ún. Ẹgbẹ́ tó kọ́ dúdú àti funfun bí wọ́n ṣe ń jó pọ̀ kò rí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè gbé pọ̀.

Àwọn mẹ́ta tó lọ dá Fun Boy Three sílẹ̀. Dammers ń bá a lọ pẹ̀lú orúkọ The Special AKA. Ní 1983, ó lọ síbi eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi bu ọlá fún Nelson Mandela, ẹni tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ti fi sẹ́wọ̀n láti 1962. Lẹ́yìn eré yẹn ló kọ Free Nelson Mandela, tó jáde ní 1984. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri Áfíríkà tó mọ orin náà ni kò mọ̀ pé ọwọ́ olùdásílẹ̀ The Specials ló ti wá. Dammers tún wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Artists Against Apartheid sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìpadàbọ̀ tí kò pé

Ní 2008, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tún pàdé. Ní 2009, tó pé ọgbọ̀n ọdún tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò eré káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò sì wọ́ tẹ̀lé wọn. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà àkọ́kọ́ mú àwọn ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: Dammers. Ó sọ pé ńṣe ni wọ́n yọ òun sílẹ̀. Àwọn yòókù kò gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tó sọ ọ́ lórúkọ, tó sì kọ Ghost Town, kò padà sáàárín wọn.

Àwọn tó padà náà kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dín kù. Staple kúrò ní 2013, Byers tẹ̀lé e ní 2014. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Rico Rodriguez kú. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Bradbury onílù kú lójijì.

Hall, Golding àti Panter ló ṣẹ́ kù. Panter ti fi gìtá béèsì sílẹ̀ nígbà kan rí, ó sì ti ṣe olùkọ́ àwòrán yíyà fún àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú. Àwọn mẹ́ta yìí lè pín owó eré, kí olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n yàn láti wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Kí ló wà nínú Encore?

Orin mẹ́wàá ló wà nínú àwo náà. Ẹni tó bá retí pé òun yóò gbọ́ ska kíkankíkan ti 1979 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí yóò yà á lẹ́nu, nítorí funk àti ìlù ijó dísíkò ló ṣí i. Orin àkọ́kọ́, Black Skinned Blue Eyed Boys, jẹ́ ti The Equals, ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tí dúdú àti funfun ti jọ kọrin láti àwọn ọdún 1960. Eddy Grant ló kọ ọ́, olórin tí a bí ní Guyana, tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ dáadáa nítorí orin Gimme Hope Jo'anna. Bí The Specials ṣe fi orin yìí ṣáájú dà bí ẹni tó ń júbà àwọn tó ṣí ọ̀nà.

Orin kejì ni BLM, ìkékúrú orúkọ ìpolongo Black Lives Matter. Golding kò kọ ọ́ lórin. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń pa ìtàn fún ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá rẹ̀ tó fi Jàmáíkà sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé orí ara rẹ̀, ọmọdé tó gbọ́ èébú àwọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Ó sì parí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, níbi tó ti dàgbà tán tí èébú kan náà tún bá a. Ọdún tí àwo yìí ń bọ̀ lọ́nà, 2018, ni àṣírí tú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìjọba ti ń ṣe àwọn ìran Windrush bí ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Àwọn mìíràn pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì dá àwọn kan padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Golding nígbà náà kò ní rò pé ìtàn àtijọ́ ni.

Vote for Me dojú kọ àwọn olóṣèlú tó ń tọrọ ìbò, dùùrù inú rẹ̀ sì mú ènìyàn rántí Ghost Town. Blam Blam Fever, tí ẹgbẹ́ The Valentines kọ́kọ́ kọ ní Jàmáíkà ní àwọn ọdún 1960, dá lé ìbọn. The Lunatics jẹ́ orin Fun Boy Three tí wọ́n tún gbà sílẹ̀.

Èyí tó fa ọ̀rọ̀ jù lọ ni 10 Commandments, òfin mẹ́wàá. Prince Buster, àgbà ọ̀jẹ̀ orin ska tí The Specials àti Madness kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti orí rẹ́kọ́ọ̀dù, ti kọ orin kan ní àwọn ọdún 1960 nínú èyí tí ọkùnrin ka òfin mẹ́wàá fún obìnrin. The Specials fi ọ̀dọ́bìnrin kan síwájú kó fún un lésì. Saffiyah Khan, ọmọ Birmingham tí òbí rẹ̀ wá láti Pakistan àti Bosnia, kì í ṣe akọrin. Ní oṣù kẹrin 2017, nígbà ìwọ́de ẹgbẹ́ English Defence League ní Birmingham, ó bọ́ síwájú láti gbèjà obìnrin Mùsùlùmí kan tí àwọn olùwọ́de yí ká. Ayàwòrán kan ya bó ṣe dúró níwájú ọkùnrin kan tó ń fi ìbínú kojú rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwòrán náà tàn ká ayé. Ẹ̀wù The Specials ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe rí i nìyẹn, tí wọ́n sì pè é. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún Prince Buster ní gbogbo ìgbésí ayé wọn, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ ibi tó ti ṣìnà.

Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ti mọ Terry Hall mọ́ ojú líle. Àwọn yòókù á máa fò lókè lórí ìtàgé; òun á dúró ṣánṣán, á máa wo èrò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ọ̀pọ̀ rò pé àrà ló ń dá.

Nínú Encore, ó fúnra rẹ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀. The Life and Times, tí àkọlé rẹ̀ tún pe ìsoríkọ́ ní orúkọ ènìyàn, jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nípa àìsàn ọkàn tó ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ìwà ìkà tí wọ́n hù sí i nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, àti bí egbò náà ṣe tẹ̀lé e wọ àgbà. Ní àwùjọ tó ti máa ń sọ fún ọkùnrin pé kó mọ́kàn le, ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ìṣòro ìlú ló fi kọrin. Nígbà tó di ẹni 59, ó fi tirẹ̀ kún un.

Boyá ìdí nìyí tí àwo náà kò fi dún bí ti arúgbó tó ń rántí ìgbà èwe. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí kò lè sí nínú àwo 1979: ìtàn bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà tó láti lóye rẹ̀, èsì obìnrin, àti ìjẹ́wọ́ ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ kan sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ní 2021, àwọn mẹ́ta náà tún gbé àwo mìíràn jáde, Protest Songs 1924–2012, àkójọ orin ìfẹ̀hónúhàn tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ṣáájú wọn. Wọ́n ń múra láti lọ gba àwo reggae sílẹ̀ ní Los Angeles ní ìparí 2022 nígbà tí àìsàn Hall bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 2022, ní ẹni ọdún 63. Àwo reggae náà kò wáyé.

Ìpadàbọ̀ The Specials kò parí ìjà tó wà láàárín wọn. Dammers kò jókòó sídìí dùùrù lórí Encore, Hall sì ti lọ. Nínú àwọn méje tó fi orúkọ wọn sára àwo àkọ́kọ́ ní 1979, kò sí ìgbà tí gbogbo wọn tún péjọ sínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan lẹ́yìn 1981, kò sì sí ọ̀nà tí èyí tún fi lè ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti dúró de ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà yóò pé ni, orin mẹ́wàá yẹn kì bá tí sí. Golding kì bá tí pa ìtàn bàbá rẹ̀ fún ayé gbọ́, Hall ì bá sì ti gbé tirẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ.